Fíìmù ẹ̀rù olówó kékeré wo ni kí n kọ́kọ́ fi han àwọn ará ilé wa?

Atúnfóònùṣe, Pánṣẹ́kẹ́:
Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ fíìmù ni mo bá wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Fíìmù ẹ̀rù ni mo fẹ́ràn jù, àmọ́ kì í ṣe èyí tí wọ́n ná owó rẹpẹtẹ lé lórí, tí iwin orí kọ̀ǹpútà ń fò kiri inú ẹ̀. Èyí tí ẹnì kan àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ mélòó kan dáwó jọ yà, tí owó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kó tó parí, ìyẹn ni tèmi. Olówó á fi gbogbo iwin ẹ̀ hàn ẹ́ látòkè délẹ̀. Ẹni tí kò rówó ṣe iwin, fèrèsé ló máa ya, á ní nǹkan ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀, ìwọ fúnra ẹ lo máa wá fọkàn ya iwin ọ̀hún. Èyí tó o bá sì fọkàn yà, o ò ní sùn.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín rèé. Ẹnì kan máa yá mi ní pírójẹ́kítọ̀, ògiri ẹ̀yìnkùlé wa sì funfun dáadáa. Lálẹ́ Sátidé tó ń bọ̀, mo fẹ́ pe àwọn ọmọṣẹ́ mi, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò, àti Màmá onílé wa tó ń ta àdìrẹ n'Ítòkú. Wọ́n ní tí kì í bá ṣe ti àǹjọ̀nú, àwọn á wá. (Ti àǹjọ̀nú mà ni.) Mẹ́ta ló wà lọ́kàn mi: Carnival of Souls ti 1962, Night of the Living Dead ti 1968, àti Ojuju tí C.J. Obasi gbé jáde ní 2014. Èwo ni kó ṣáájú? Ìyàwó mi ní àwọn méjì àkọ́kọ́ yẹn ò láwọ̀, pé àwọn èèyàn á rò pé ẹ̀rọ mi ló bàjẹ́.

Adùrù Aké:
Carnival of Souls ni, má wulẹ̀ ronú. Iṣẹ́ dùrù ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń ṣe, iṣẹ́ tí ọmọbìnrin inú fíìmù yẹn ń ṣe náà nìyẹn. Dùrù ni orin inú ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, Gene Moore ló ṣe é. Ó níbì kan tó ti dá jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ń dán orin ìsìn wò. Ṣàdéédé, ọwọ́ ẹ̀ yà kúrò nínú orin. Ìka ẹ̀ ń rá pálá lórí dùrù, ojú ẹ̀ ti lọ síbòmíì, orin tó ń jáde kì í ṣe ti ilé Ọlọ́run mọ́. Àlùfáà wọlé, ó gbọ́ ọ, ó sì ní kó fiṣẹ́ sílẹ̀. Kò séjò, kò sí ẹ̀jẹ̀, ìka ọwọ́ lásán ni! Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wò ó, mi ò lè dá wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ dánrawò lálẹ́.

Herk Harvey tó ṣe é, fíìmù ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ló ń yà fún iléeṣẹ́ kan ní Kansas. Ó gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́, ó fi nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 33 dọ́là ṣe tiẹ̀. Ilé fàájì kan tó ti dahoro létí adágún oníyọ̀ ní Utah ló rí nígbà tó ń wakọ̀ kọjá, ibẹ̀ ni ìtàn náà ti sọ sí i lọ́kàn. Ọkùnrin olójú funfun tó ń yọ sí ọmọbìnrin náà kiri, Harvey fúnra ẹ̀ ni.

Màmá onílé yín ò ní nílò àlàyé. Mọ́tò já sódò. Wọ́n wá a títí, wọn ò rí i. Ọmọbìnrin kan jáde nínú omi, ó kẹ́rù, ó lọ sílùú tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́n, ó gbaṣẹ́, ó háyà yàrá. Ọmọ Ẹ̀gbá wo ni ò ní pariwo "àkúdàáyà!" kí omi tó gbẹ lára ẹ̀?

Ọmọ Lafẹ́ńwá:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti tú u palẹ̀ tán. Kí la tún fẹ́ lọ wò?

Adùrù Aké:
Má bínú, àbúrò. Àwọn òyìnbó ló ń dúró dòpin kí wọ́n tó mọ ohun tó jẹ́. Ní tiwa, a ti mọ̀, òun gan-an ni ò mọ̀. Ìyẹn ló ń kó mi láyà jẹ, pé ìgbà wo ló máa mọ̀.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ dákun, tẹ́ ẹ bá máa gbé Night of the Living Dead síbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ kó àwọn ọmọ wọlé. Mo mọ̀ pé ṣokoléètì olómi ni wọ́n fi ṣẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀, ọkọ mi ti ṣàlàyé títí ẹnu fi ń bó o. Àmọ́ ọmọdébìnrin tó fi irin bíríkìlà gún ìyá ẹ̀ pa ńkọ́? Ṣokoléètì kọ́ nìyẹn. Ojú mi ò kúrò lára àwọn ìbejì mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Aláte Kútọ̀:
Èmi tí mo ta kásẹ́ẹ̀tì fíìmù títí ayé fi yí padà, Ojuju ni mo fọwọ́ sí. Omi àdúgbò àwọn tálákà l'Ékòó ló ní nǹkan nínú, ẹni tó bá mu ún á di òkú tó ń sáré lé èèyàn. Ta ni ò ní lóye ìyẹn níbi tá a ti ń ra omi mu? Gabriel Afọláyan ló ṣe olórí eré, Màmá yín á ní "ọmọ Adé Love rèé!", ara wọn á sì balẹ̀. Romero lorúkọ ẹ̀ nínú fíìmù, wọ́n fi kí George Romero tó ṣe Night of the Living Dead ni. Ó fà díẹ̀ láàárín, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n òun ló gba ẹ̀bùn fíìmù Nàìjíríà tó dára jù ní AFRIFF, àjọ̀dún fíìmù ilẹ̀ Áfíríkà, lọ́dún 2014, lójú àwọn tó lówó jù ú lọ.

Wòlíì Àdúgbò:
Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, kí lẹ fẹ́ fi òkú ṣe lálẹ́? Ohun tójú bá rí, ọkàn ló ń wọ̀.

Aláte Kútọ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá wa. Agbára Ńlá ti Mount Zion tẹ́ ẹ̀yin àgbà kó wa jọ wò láyé ọjọ́un ńkọ́? Wọ́n kàdúrà sí i lópin lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti àárín ẹ̀ la ò ti lè dá lọ tọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Alábàtà:
Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ohùn, òun sì ni gbogbo ẹ̀. Tí jẹnẹrétọ̀ bá ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yín, fíìmù ẹ̀rù ti di àwàdà. Ẹ gbé e lọ síwájú ilé pátápátá, kẹ́ ẹ gbé sìpíkà sẹ́yìn àwọn èèyàn, ẹ má gbé e síwájú. Ẹ óò rí i bí wọ́n á ṣe máa wẹ̀yìn.

Ẹ má tíì fi One Cut of the Dead ti Japan hàn wọ́n. Mílíọ̀nù mẹ́ta yẹ́ẹ̀nì péré ni wọ́n ná, mo fẹ́ràn ẹ̀ ju gbogbo èyí tẹ́ ẹ dárúkọ. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 37 àkọ́kọ́, tí kámẹ́rà ò dúró lẹ́ẹ̀kan, dà bí iṣẹ́ ẹni tí ò mọṣẹ́, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn ará ilé yín á ti lọ sùn kí ọ̀rọ̀ tó yé wọn.

Ti owó: ẹ má gba kọ́bọ̀ nítorí Ojuju láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ti Night of the Living Dead yàtọ̀. Nígbà tí wọ́n ń yí orúkọ ẹ̀ padà, àmì olóhun bọ́ sọnù lójú fíìmù, lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà ìgbà yẹn ó sì di ti gbogbo ayé.

Atúnfóònùṣe, Pánṣẹ́kẹ́:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Carnival of Souls ló máa ṣáájú. Ọ̀rọ̀ ẹnu ò pọ̀ nínú ẹ̀, kò tó wákàtí kan ààbọ̀, Màmá ò sì ní rí ẹ̀jẹ̀. Ojuju á tẹ̀ lé e ní Sátidé kejì, ọ̀fẹ́ ni, màá sì kọ̀wé sí wọn. Ìyá Ìbejì, mo ti gbọ́ o, ìyẹn ti Night of the Living Dead á dúró ná. Ẹ̀gbọ́n Adùrù, ẹ̀yin lẹ máa jókòó ti Màmá, ẹ máa túmọ̀ fún wọn. Ta ló ní wáyà sìpíkà tó lè dé ẹ̀yìn ilé?

Ọmọ Lafẹ́ńwá:
Mo ní ín, màá mú un wá. Àmọ́ kí Ẹ̀gbọ́n Adùrù má tún sọ òpin fún Màmá o.

Adùrù Aké:
Màmá ló máa sọ ọ́ fún mi.