Bí ìgbà kò bá yí padà ńkọ́?

Ìyá Ọlọ́jà béèrè pé:

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo kí yín o. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ọkọ mi, láti ìgbà náà ni mo sì ti ti ìsọ̀ mi pa kí n lè máa tọ́jú rẹ̀. Àwọn ará ìjọ ń ṣe dáadáa sí wa, wọ́n ń gbàdúrà, wọ́n sì máa ń sọ fún mi pé kí n gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run nítorí pé ìgbà yóò yí padà, Oníwàásù orí 3 sì ni wọ́n sábà máa ń kà fún mi. Ohun tí ó ń dà mí láàmú ni pé dókítà kò fi dá wa lójú pé ọkọ mi yóò tún rìn, èmi náà kì í sì í ṣe ọmọdé mọ́. Ṣé ìgbẹ́kẹ̀lé wà fún ẹni tí ìgbà rẹ̀ kò yí, àbí ìgbàgbọ́ mi ni ó kéré tí mo fi ń bi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀?

Olùkọ́ Bíbélì:

Ẹ kú ìtọ́jú, Mà, ẹ sì kú ìrọ́jú. Ìbéèrè yín kì í ṣe àmì ìgbàgbọ́ kékeré. Nínú Orin Dáfídì 31 tí a ti rí i kà pé "Ìgbà mi ń bẹ ní ọwọ́ rẹ," ẹni kan náà ni ó sọ ní ẹsẹ díẹ̀ ṣáájú pé ìbànújẹ́ ti ba ojú òun jẹ́, pé òun sì dàbí ohun èlò tí ó fọ́. Kò dúró kí ara tù ú kí ó tó fi ìgbà rẹ̀ lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Oníwàásù náà sọ pé ìgbà ẹkún wà, ìgbà ẹ̀rín sì wà, ṣùgbọ́n kò dá ọjọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ọmọ Ẹ̀gbá:

Ìtàn Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ni ó wá sí mi lọ́kàn. Ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn. Ọdún 1846 ni òun àti ìyá rẹ̀ tó tún fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta, ìyá náà sì ṣe ìrìbọmi ní ọdún 1848. Ibi ayọ̀ yìí ni àwọn oníwàásù wa sábà máa ń parí ìtàn náà sí, tàbí kí wọ́n fi oyè bíṣọ́ọ̀bù ọdún 1864 kún un. Ṣùgbọ́n ìgbẹ̀yìn rẹ̀ korò. Ní ọdún 1890, nígbà tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó fẹ̀sùn kan àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní agbègbè Odò Ọya, wọ́n sì dá àwọn kan dúró lẹ́nu iṣẹ́ níṣojú rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1891, òyìnbó ni wọ́n sì fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀ràn náà kò yí padà kí ó tó kú, síbẹ̀ ta ni yóò sọ pé kò gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run?

Ìyá Ìjọ:

Arábìnrin mi, gbogbo wa ni a mọ Jeremáyà 29 ẹsẹ 11 sórí, níbi tí Ọlọ́run ti ṣèlérí ìrètí fún àwọn ènìyàn rẹ̀, ṣùgbọ́n a kì í fẹ́ ka ẹsẹ 10, tí ó sọ pé 70 ọdún ni ìgbèkùn Bábílónì yóò gbà. Lẹ́tà tí Jeremáyà kọ sí àwọn ìgbèkùn ni orí náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a kà á sí létí kò sì ní bá ìpadàbọ̀ láyé, síbẹ̀ Ọlọ́run ní kí wọ́n kọ́ ilé, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n sì jẹ èso rẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí mo rí nínú èyí ni pé kí a gbé ìgbà tí a wà nínú rẹ̀, kí a má fi gbogbo rẹ̀ dúró de òmíràn. Nítorí náà, ẹ má dá ẹrù yìí gbé. Ẹ sọ fún ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ yín kí wọ́n máa pín ara wọn wá jókòó ti Bàbá, kí ẹ lè ṣí ìsọ̀ lọ́jọ́ ọjà, tàbí kí ẹ tilẹ̀ sùn. Ẹ má sì dá àdúrà ìwòsàn dúró: Pọ́ọ̀lù bẹ Olúwa nígbà mẹ́ta nípa ẹ̀gún inú ara rẹ̀, a kò sì bá a wí pé ó béèrè.

Ìyá Ọlọ́jà:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi rí pé mo lè bẹ ìjọ fún ẹni tí yóò jókòó ti ọkọ mi. N ó béèrè lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni a ṣe lè jọ máa ṣe ìsìn nílé nígbà tí ọ̀rọ̀ kò já gaara lẹ́nu rẹ̀?

Ìyá Ìjọ:

Ẹ fi orin ìjọ tí ó ti mọ̀ láti kékeré bẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíràn tí rọpárọsẹ̀ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ṣì máa ń lè kọ orin.