Gáàrí wa ò jáde nínú ààlà, síbẹ̀ ọ̀rá kan dín

Òkun o, ẹ̀yin ará. Kábà níbí la ti ń di gáàrí sínú ọ̀rá kílò kan, èmi ni mo wà nídìí òṣùwọ̀n. Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, mo ń wọn ọ̀rá 5, mo ń kọ ìpíndọ́gba wọn sórí ṣáàtì, irú èyí tí onímọ̀ kan, Walter Shewhart, gbé kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1924 láti fi mọ̀ bóyá iṣẹ́ ń lọ déédéé. Lẹ́yìn ìgbà 25, ìpíndọ́gba gbogbo ẹ̀ jẹ́ gíráàmù 1004. Ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rá tó wúwo jù àtèyí tó fúyẹ́ jù nínú ọ̀rá 5 ìgbà kọ̀ọ̀kan jẹ́ 12 ní ìpíndọ́gba. Mo fi 0.577, iye tí wọ́n ti ṣírò sílẹ̀ fún ọ̀rá 5 lórí irú ṣáàtì yìí, sọ 12 di púpọ̀, mo fi èsì rẹ̀ kún 1004, mo sì tún yọ ọ́ kúrò nínú 1004: ààlà òkè 1010.9, ti ìsàlẹ̀ 997.1. Kò sí àmì kan tó kọjá ààlà.

Àfi bí ìyá oníbàárà wa kan láti Ìsánlú ṣe gbé ọ̀rá kan padà wá: 991! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún un wọ̀n. Ojú tì mí, kí n má purọ́.

Ṣé torí pé ìpíndọ́gba ọ̀rá 5 ni ààlà yẹn wà fún, kì í ṣe ọ̀rá kọ̀ọ̀kan? Ọ̀gá ní kí n kàn fi kún ìwọ̀n tí ẹ̀rọ ń bù, ṣùgbọ́n gáàrí ọ̀fẹ́ nìyẹn. Àbí kí n kọ́kọ́ wá ohun tó ń fa ìyàtọ̀ 12 yẹn? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?