Ta ni ètò báìtì (ẹyọ-ẹyọ tí kọ̀ǹpútà fi ń to nọ́ńbà) ti dojú rú mọ́ lọ́wọ́ rí? Ẹ wá sọ tiyín

ỌmọBódìjà: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo ń bá bọ̀ọ̀dá kan ládùúgbò wa ṣe nǹkan tó máa ń ka mítà sólà ẹ̀, Modbus (èdè tí àwọn ẹ̀rọ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀) ni mítà yẹn ń sọ, báìtì ńlá, ìyẹn apá tó wúwo jù nínú nọ́ńbà, ló sì máa ń kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Èmi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, mo kàn memcpy ẹ̀ (mo dà á kọ bó ṣe wà) sínú uint16_t, nọ́ńbà oníbáìtì méjì, lórí láptọ́ọ̀pù mi, tó jẹ́ pé báìtì kékeré ló ń ṣáájú níbẹ̀. Bá a ṣe tàn án báyìí, fóltéèjì 56320! Bọ̀ọ̀dá ti sáré lọ pa súìṣì. 220 péré ni iná o.

Agbowó_C: 56320 😂😂 iná Ṣàngó nìyẹn

BàbáMọ́kọ́lá: Tiyín dẹ̀ rọrùn. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ nígbà kan, kọ̀ǹpútà SPARC la ń lò, big-endian ni (báìtì ńlá ló ń ṣáájú), a máa ń fwrite odidi struct (àkójọ dátà òṣìṣẹ́ kan) sí fáìlì bó ṣe wà. Ìgbà tí wọ́n kó PC oní-Intel, tí báìtì kékeré ń ṣáájú nínú tiẹ̀, dé tí a da fáìlì yẹn sí i, òṣìṣẹ́ tó bí ọmọ 1 di ọlọ́mọ 16777216. Ọ̀gá ní ká pè é wá.

Dùgbẹ̀Boy: Bàbá, ẹ ti fi iyọ̀ sí èyí o

BàbáMọ́kọ́lá: Irọ́ kí ni? 00 00 00 01, yí i padà, 01 00 00 00. Gbé kakulétọ̀ ẹ jáde.

Tọ́lá: ẹ lo ntohs, tó ń yí báìtì tó wá láti nẹ́tíwọ́ọ̀kì sí ètò ẹ̀rọ yín, kó tán

Agbowó_C: Kò tán o, àwọn míì á lò ó lẹ́ẹ̀mejì, á tún padà síbi tó wà. (b[0] << 8) | b[1], ìyẹn báìtì àkọ́kọ́ lọ sápá ńlá, èkejì sápá kékeré, ó parí, ẹ̀rọ yòówù kó jẹ́. Ìgbà tóo bá ti ń bèèrè pé irú ẹ̀rọ wo lo wà lórí ẹ̀ lo ti ṣìnà.

Dùgbẹ̀Boy: Yorùbá gan-an, ṣebí little-endian ni (kékeré ló ń ṣáájú). Mọ́kànlélógún, ọ̀kan ló ṣáájú, ogún wá tẹ̀lé e.

Tọ́lá: 1965 wá ńkọ́? Ẹgbàá ó dín márùndínlógójì. Ńlá ló ṣáájú, nínú èyí tó kù, márùn-ún tún wá ṣáájú ogójì. PDP-11, kọ̀ǹpútà àtijọ́ yẹn, lèyí 😭

BàbáMọ́kọ́lá: Ọmọ yìí gbọ́n. Bí PDP-11 ṣe ń to nọ́ńbà 32-bit (báìtì mẹ́rin) gan-an nìyẹn: ìlàjì ńlá ló ṣáájú, àmọ́ nínú ìlàjì kọ̀ọ̀kan, báìtì kékeré ló ń ṣáájú.

Ìyá_Ìbejì: Ẹyin sísè ni wọ́n ti mú orúkọ big-endian àti little-endian yẹn o, àwọn ará ìtàn Gulliver tó ń jà lórí ibi tí wọ́n á ti fọ́ ẹyin. Danny Cohen ló gbé e wọ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ní 1980.

Agbowó_C: Èmi, orí tábìlì ni mo ń gbá tèmi mọ́, àárín ló máa ń fọ́

ỌmọBódìjà: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fẹyin sílẹ̀. Ti fóltéèjì ti dáa, àmọ́ kilowatt-hour tó jẹ́ 32-bit ṣì ń ya wèrè.

Agbowó_C: Rẹ́jísítà (àyè oníbáìtì méjì nínú mítà) méjì nìyẹn, àwọn mítà kan máa ń fi èyí tó kéré ṣáájú. Ka ìwé tó bá mítà wá.

ỌmọBódìjà: Èdè Ṣáínà ni wọ́n fi kọ ọ́.