Àṣìmú tàbí àkómọ́: kí ni ká máa pe ẹyẹ òkun tó há sáwọ̀n ẹja?

Ẹ̀gbọ́n, mo ka àbá yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ní ká máa pe ẹyẹ òkun tó bá bá ẹja há sínú àwọ̀n ní "àṣìmú", kí ọ̀rọ̀ náà lè dúró fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní bycatch. Ẹ ní ó kúrú, ó rọrùn láti pè, ó sì bá àṣìṣe, àṣìsọ àti àṣìgbọ́ mu. Òótọ́ ni gbogbo ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, n kò lè bá yín fọwọ́ sí i, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà di ẹrù lé ẹni tí kò sí níbẹ̀ lórí.

Ẹ wo iṣẹ́ tí "ṣì" ń ṣe. Ẹni tó ṣi ọ̀rọ̀ sọ ní nǹkan tó fẹ́ẹ́ sọ, ahọ́n rẹ̀ ló gba ibòmíràn lọ. Ẹni tó ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́, etí ló tàn án jẹ. Bí wọ́n bá ní wọ́n ṣi ènìyàn mú, ó ní ẹni tí wọ́n ń wá tẹ́lẹ̀, ojú ló sì da àwọn tó wá mú un. "Ṣì" kì í dá rìn: ó gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ṣe é, ẹni náà sì gbọ́dọ̀ ti dójú sun nǹkan kan. Ta ló wá ṣì mú nígbà tí ẹyẹ há sáwọ̀n? Apẹja ti dẹ àwọ̀n rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́, ó ti lọ sùn.

Àwọ̀n tí à ń wí yìí kì í ṣe èyí tí à ń jù, kì í sì í ṣe èyí tí à ń wọ́. Èyí tí wọ́n ń nà sínú omi bí ògiri ni: ohun tó ń léfòó gbé e dúró lókè, òjé fà á nísàlẹ̀, okùn náílọ́ọ̀nù tín-ín-rín ló wà láàárín. Lábẹ́ omi, ojú kì í fẹ́ẹ́ rí okùn yẹn rárá. Ẹja á ti orí bọ ojú àwọ̀n, ara rẹ̀ kò ní gbà á kọjá, bó bá sì fẹ́ padà sẹ́yìn, okùn á kọ́ ọ létí. Ẹyẹ tó ń bọ̀ lókè, ẹja yẹn náà ló ń lé. Ẹ mú ẹyẹ tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ń pè ní Uria aalge, dúdú lẹ́yìn, funfun láyà. Ó lè wọ inú omi lọ ju ọgọ́rùn-ún mítà lọ, apá tó fi ń fò náà ló sì fi ń tu omi. Ó na ọrùn sí ẹja, orí rẹ̀ wọ ojú àwọ̀n. Ó ká apá kan kó lè fa ara rẹ̀ sẹ́yìn, apá náà wọ ojú àwọ̀n mìíràn. Bó ṣe ń jà ni okùn ń wé mọ́ ọn. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, èémí tó gbà sínú kó tó wọ omi ti tán. Nígbà tí apẹja bá fa àwọ̀n láàárọ̀, okùn ti wọ abẹ́ apá ẹyẹ náà débi pé ọ̀bẹ ni yóò fi yọ ọ́, ojú àwọ̀n mẹ́ta mẹ́rin á sì bá a lọ. Apẹja kò wá a, kò rí i, kò sí níbẹ̀. Níbo ni "ṣì" ti fẹ́ẹ́ wọlé?

Ẹ tún wo ti Newfoundland. Lọ́dún 1992 ni ìjọba Kánádà dá ìpẹja cod dúró níbẹ̀ nítorí pé ẹja náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lómi. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọ̀n kúrò nínú òkun. Ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn ẹyẹ tó ń wọ omi lépa ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i. Kò sẹ́ni tó kó àwọn apẹja jọ kó kọ́ wọn bí wọn kò ṣe ní ṣì mú mọ́. Àwọ̀n ló kúrò.

Ẹlòmíràn ní bí "ṣì" bá le jù, ká sọ ọ́ di "àṣèèṣìmú", kí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé èèṣì ni. Ẹnu mi kò gba ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ṣùgbọ́n ìyẹn kéré. Èèṣì ni ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí. Ẹni tó fẹsẹ̀ kọ òkúta lẹ́ẹ̀kan, èèṣì ni. Bó bá ń kọ òkúta kan náà ní àràárọ̀, tó sì mọ ibi tí òkúta wà, ẹ ò ní pè é ní èèṣì mọ́. Àkójọ ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2013 fi yé wa pé irú àwọ̀n yìí ń pa ẹyẹ tó tó 400,000, ó kéré tán, lọ́dọọdún káàkiri ayé. Ohun tí a mọ ibi tó ti ń ṣẹlẹ̀, tí a mọ àsìkò tó ń ṣẹlẹ̀, tí a sì lè fojú díwọ̀n iye rẹ̀, ó ti kúrò ní èèṣì. Kò sì dé àmọ̀ọ́mọ̀ náà, nítorí pé ẹyẹ ń ba àwọ̀n jẹ́ mọ́ apẹja lọ́wọ́ ni. Àárín méjèèjì ló wà. Ọ̀rọ̀ tí a bá máa lò kò gbọdọ̀ dájọ́ kí ẹjọ́ tó délé.

(Ti "ìmú-ẹ̀gbẹ́" tí ẹnìkan tún dá lábàá, mo rẹ́rìn-ín. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n gbá ènìyàn mú níhà. Ẹni tí kò bá sì fi àmì sí i, a ò mọ̀ bóyá ẹ̀gbẹ́ ló ń sọ, tàbí ẹgbẹ́, tàbí ègbé.)

Ọ̀rọ̀ tí èmi ń lò ni "àkómọ́". N kò rò ó jìnnà, ẹnu wa ni mo ti mú un. Bí wọ́n bá wá kó àwọn olè, tí wọ́n sì gbé ẹni tó kàn ń kọjá lọ, kí là ń wí? À ń ní wọ́n kó o mọ́ wọn. Kò sẹ́ni tó wá a wá, kò ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀, wọ́n sì kó o lọ. Àwọ̀n kó ẹyẹ mọ́ ẹja. Ohun tó kó mọ́ ọn ni àkómọ́, ìbáà ṣe ẹyẹ, ìbáà ṣe ìjàpá òkun.

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní "kó" wà fún nǹkan púpọ̀, "mú" ló wà fún ẹyọ kan. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹnìkan kì í kó ẹyẹ kan. Ṣùgbọ́n bí "mọ́" bá ti wọ ọ̀rọ̀, ẹyọ kan ti di ara àwọn tó kù, ìdí nìyẹn tí "wọ́n kó o mọ́ wọn" kò fi ha ẹnikẹ́ni létí. Ẹ tún lè ní àwọ̀n tó dúró gbári kò kó nǹkan kan, ẹyẹ ló wá bá a. Èyí gan-an ló jẹ́ kí n fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà: à ń ní ẹnìkan kó sí pańpẹ́, ó kó sí wàhálà, tó sì jẹ́ pé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló gbé e lọ. Àwọ̀n kó ẹyẹ, ẹyẹ kó sáwọ̀n. Yorùbá ti fàyè sílẹ̀ fún méjèèjì.

Ó tún gba ìwọ̀ mọ́ra. Àwọn ọkọ̀ tó ń na okùn gígùn tó kún fún ìwọ̀ sórí òkun ń rí ẹyẹ òkun ńlá tí wọ́n ń pè ní albatross tó gbé ìjẹ mì, ìwọ̀ á kọ́ ọ lọ́fun, okùn á fà á rì. Ìwádìí kan lọ́dún 2011 ní ẹyẹ tó ń kú báyìí kò dín ní 160,000 lọ́dún. Orúkọ tó bá ti ní "àwọ̀n" nínú yóò ti àwọn wọ̀nyí síta.

Ẹ má sì jẹ́ ká pè é ní "àdànù" bí àwọn kan ti ń ṣe. Àdànù ni èyí tí apẹja dà padà sómi. Ní Newfoundland kan náà, nígbà tí ìpẹja dúró, àwọn ẹyẹ gull tó ń jẹ àdànù lẹ́yìn ọkọ̀ dín kù, àwọn tó ń di àkómọ́ ló pọ̀ sí i. Ohun kan náà kọ́ nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni mo rí "adẹ́rùbẹyẹ" tí ẹ fẹ́ẹ́ máa pe gbogbo ohun tí wọ́n ń lò kí ẹyẹ má bàa há sáwọ̀n. Ó bá ti Estonia mu, níbi tí wọ́n ti gbé àwòrán ojú ńlá sórí ohun tó ń léfòó kí ẹyẹ má bàa súnmọ́ àwọ̀n. Kò bá ti Peru mu. Iná kéékèèké aláwọ̀ ewé ni wọ́n so mọ́ àwọ̀n níbẹ̀, ẹyẹ guanay tó ń há sì dín kù ní nǹkan bí 85 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí wọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀, iná náà kò dẹ́rù ba ẹyẹ, ó kàn jẹ́ kó rí àwọ̀n ni. Ẹ jẹ́ ká pe ìyẹn ní "afàwọ̀nhàn". Iná tí wọ́n dán wò ní Òkun Baltic kò tilẹ̀ gba ẹyẹ kankan là, nítorí náà orúkọ tó ń sọ pé ó ti ṣiṣẹ́ kò yẹ ẹ́ rárá.

Ibì kan ṣoṣo ni mo ti gbà fún yín. Bí àwọ̀n kò bá mú ẹja kankan, tó jẹ́ ẹyẹ nìkan ló wà nínú rẹ̀, kí ni a fẹ́ẹ́ sọ pé ó kó o mọ́? Níbẹ̀, mo ń sọ pé ẹyẹ há, mo sì ń fi àkómọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá ní èyí tó sàn jù, ẹ mú un wá. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ ka gbólóhùn yìí sókè bí ẹni ń bá apẹja sọ̀rọ̀: "Àwọ̀n kó ẹyẹ méje mọ́ ẹja lálẹ́ àná, méjì nínú wọn ṣì wà láàyè." "Ṣì" tó wà nínú ìyẹn nìkan ni mo lè gbà.