Adájọ́ fẹ́ yan rẹfirí sí ẹjọ́ mi ní California: ta ni yóò san owó rẹ̀?

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ilé ìtajà kékeré kan ní Oakland, níbi tí mo ti ń ta èlùbọ́, gàrí, epo pupa àti ẹja gbígbẹ. Ní ọdún tó kọjá, òrùlé ilé náà jò, omi ba ọjà mi jẹ́, mo sì pe onílé lẹ́jọ́. Láti ìgbà náà ni wọn kò ti fẹ́ fi ìwé tí agbẹjọ́rò mi béèrè sílẹ̀, pàápàá àkọsílẹ̀ àtúnṣe òrùlé, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni a sì ti torí èyí lọ bá adájọ́. Ní báyìí, adájọ́ ní òun ń rò ó láti yan rẹfirí kan, ìyẹn adájọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí yóò máa gbọ́ àríyànjiyàn lórí ìwé wọ̀nyí dípò òun. Dọ́là 600 ni ẹni tí wọ́n dárúkọ ń gbà fún wákàtí kan, agbẹjọ́rò onílé sì ní kí a pín in sí méjì dọ́gba. Ṣé dandan ni kí èmi tí ọjà mi bàjẹ́ tún san owó fún ẹni tí yóò gbọ́ ẹjọ́ mi, nígbà tí adájọ́ tí ìjọba ń san owó oṣù fún wà níbẹ̀?

Akọ̀wé ní Los Angeles

Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì ti tẹ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ fún adájọ́ láti fọwọ́ sí. Ẹ kọ́kọ́ lọ wo ìwé àdéhùn ilé ìtajà yín. Abala 638 nínú òfin tí wọ́n ń pè ní Code of Civil Procedure gbà pé bí ẹ̀yin méjèèjì bá ti fọwọ́ sí i tẹ́lẹ̀ pé rẹfirí ni yóò gbọ́ aáwọ̀ yín, ilé ẹjọ́ lè yàn án, ìpinnu rẹ̀ yóò sì dà bí ìdájọ́ ilé ẹjọ́ fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní California sọ ní 2011, nínú ẹjọ́ Tarrant Bell tí ó jẹ mọ́ irú àdéhùn ilé bẹ́ẹ̀, pé adájọ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀ bí ó bá rí ìdí.

Bí kò bá sí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, abala 639 ni ọ̀rọ̀ yín bọ́ sí. Níbẹ̀, adájọ́ lè yan rẹfirí láìjẹ́ pé ẹ gbà, ṣùgbọ́n àbá lásán ni rẹfirí yóò mú wá. Ọwọ́ adájọ́ ni ìpinnu wà. Nígbà tí ó bá jẹ́ pé gbogbo àríyànjiyàn lórí ìwé ni wọ́n fẹ́ gbé fún un, adájọ́ gbọ́dọ̀ kọ ohun àrà ọ̀tọ̀ tó wà nínú ẹjọ́ yín gan-an tó fi pọn dandan. Pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ ilé ẹjọ́ kò tó.

Ní ti owó, èyí ni kókó ọ̀rọ̀: àṣẹ náà gbọ́dọ̀ sọ bóyá ẹnikẹ́ni ti fi hàn pé òun kò lágbára láti san ìpín tirẹ̀. Bí ẹ bá fi hàn, adájọ́ kò lè yan rẹfirí náà àfi bí ẹnìkejì bá fínnúfíndọ̀ gbà láti san ìpín yín. Agbára tiyín nìkan ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo ti agbẹjọ́rò yín. Ẹni tí ilé ẹjọ́ ti yọ̀ǹda owó ilé ẹjọ́ fún nítorí àìní, òfin ti kà á sí ẹni tí kò lè san. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dákẹ́, wọn yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ẹni tó fi àìlágbára hàn, ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí ẹ sọ̀rọ̀ kí adájọ́ tó fọwọ́ sí i. Ẹ kọ iye tí ń wọlé àti iye tí ń jáde nílé ìtajà, kí ẹ sì ṣe ìṣirò rẹ̀ fún wọn: bí ìgbà mẹ́rin bá gba wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta, dọ́là 7,200 nìyẹn, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 3,600.

Bàbá Ìbejì, Sacramento

Òótọ́ ni akọ̀wé sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gbè sẹ́yìn rẹfirí díẹ̀. Èmi àti ẹnìkan la jọ dá iṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù sílẹ̀, nígbà tí a sì tú ká, àkọsílẹ̀ owó ọdún mẹ́fà ni a ń jà lé lórí. Òfin dárúkọ àkáǹtì gígùn ní pàtó gẹ́gẹ́ bí ìdí tí adájọ́ fi lè yan rẹfirí. Ẹni tí wọ́n yàn fún wa jókòó ti rìsíìtì wa ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó sì yanjú ohun tí a ti fà láti oṣù mọ́kànlá. Ohun tí mo kábàámọ̀ títí di òní ni pé a kò béèrè pé kí wọ́n fi òdiwọ̀n sí wákàtí rẹ̀. Àṣẹ gbọ́dọ̀ sọ iye tó ga jù tí ó lè gbà fún wákàtí kan, ṣùgbọ́n ti iye wákàtí, àfi kí ẹnìkan nínú yín béèrè. Gbogbo lẹ́tà tí a kọ ni ó kà, gbogbo ìpè ni ó gbé, gbogbo rẹ̀ ni ó sì wọ inú ìwé owó.

Àdùkẹ́

Ẹ̀gbọ́n, tiyín jẹ́ ìṣirò tí ẹ̀yin méjèèjì nílò. Ti ìyá wa yàtọ̀: onílé ló fi ìwé pamọ́. Bí a bá pín owó sí méjì dọ́gba, iye ìgbà tí ó bá kọ̀ ni iye ìgbà tí ìyá yóò máa san, ẹni tí àpò rẹ̀ jinlẹ̀ yóò sì fi rẹfirí lé aláìní kúrò nínú ẹjọ́ rẹ̀. Òfin kò ní kí a pín in dọ́gba. Abala 645.1 jẹ́ kí adájọ́ pín owó náà lọ́nà tó bá tọ́ tó sì yẹ, rẹfirí fúnra rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dábàá nínú ìjábọ̀ rẹ̀ bí a ṣe máa pín in. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú àṣẹ pé ìpín àkọ́kọ́ kì í ṣe ti àṣekágbá.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti yẹ ìwé àdéhùn ilé wò, kò sí rẹfirí nínú rẹ̀. Agbẹjọ́rò mi ti ń kọ ìwé ìbúra nípa owó tí ń wọlé fún mi. Bí ìjábọ̀ rẹfirí kò bá wá tẹ́ mi lọ́rùn ńkọ́?

Akọ̀wé ní Los Angeles

Ọjọ́ mẹ́wàá ni ẹ ní láti kọ àtakò yín lẹ́yìn tí ó bá ti fi ìjábọ̀ náà sílẹ̀ ní ilé ẹjọ́, tí ó sì ti fi ránṣẹ́ sí yín, àyàfi bí adájọ́ bá fún yín ní iye ọjọ́ mìíràn. Wákàtí tí ó lò àti owó tí ó gbà gbọ́dọ̀ wà nínú ìjábọ̀ náà, nítorí náà, ẹ ka ibẹ̀ kí ẹ tó ka ohunkóhun mìíràn.