Fọ́tò abọ́ igi mi: ó ti yanjú o

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ará. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo bèèrè ìdí tí abọ́ igi apá tí mo fi ẹ̀rọ tó ń yí igi gbẹ́ fi ń tàn yanran nínú fọ́tò, tí àwọ̀ rẹ̀ sì ń pọ́n bí epo. Fíláàṣì fóònù mi ló ń kọ mànà lára fáníìṣì tí mo fi kun abọ́ náà. Gílóòbù yàrá ló ń pọ́n ọn.

Ní báyìí, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo ń gbé e sí láàárọ̀. Mo fi kọ́tìnì funfun dí oòrùn, mo sì gbé páálí funfun sí òdìkejì kí ìmọ́lẹ̀ lè ta padà síbi tó ṣókùnkùn. Háà! Ìlà inú igi yọ kedere. Àpá irin tí mo fi gbẹ́ ẹ, èyí tí mo rò pé mo ti fi sáńpépà pa rẹ́ náà yọ (ìyẹn dùn mí, mo tún padà lọ họ ọ́).

Ọsàn kan ni mo gbé sínú rẹ̀ kí oníbàárà lè mọ bó ṣe tóbi, mo sì kọ ọ́ sábẹ́: fífẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 22, jíjìn 7.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n ra kámẹ́rà, ẹ má bínú, fóònù mi àtijọ́ náà ni mo ṣì fi yà á. Mo pa ọ̀rọ̀ yìí dé níbí.