Owó oníhò tí a wú jáde lágbàlá ilé baba wa: ẹ bá mi wò ó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní London gbé ẹ̀rọ tó ń wá irin nínú ilẹ̀ wálé nígbà ọdún, ó sì gbé e yí àgbàlá ilé wa àtijọ́ ká ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta. Ìdérí ìgò àti ìṣó la kọ́kọ́ ń wú. Ìgbà tó dé ìdí igi ọsàn ni ẹ̀rọ náà han gooro. Owó mẹ́ta la bá níbẹ̀, kò sì jìn rárá.

Méjì dá ihò láàárín. Èyí tó tóbi fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta. Ìràwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́fà wà lójú kan, adé wà lójú kejì, wọ́n kọ EDWARDVS VIII àti 1936 sí i. Èyí tó kéré fúyẹ́ gan-an, etí rẹ̀ ti jẹrà, ọdún ara rẹ̀ jẹ́ 1907. Ẹ̀kẹta kò dá ihò. Igi ọ̀pẹ ló wà lára rẹ̀, ó dúdú bí eédú, 19 nìkan ni mo sì rí kà nínú ọdún rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ góòlù kan ládùúgbò ní kí n fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ wá, pé òun á rà á. Kí ni ká ṣe?

Ọmọ Líṣàbí: Edward Kẹjọ! Ọba tí kò lo ọdún kan lórí oyè! Ẹ má tà á o, owó yẹn á ra mọ́tò.

Akówójọ Ìbàdàn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ ká kó ara wa sí wàhálà. Òótọ́ ni pé oṣù Kejìlá 1936 ni ọba yẹn fi oyè sílẹ̀, owó tó ní àwòrán rẹ̀ kò sì dé ọwọ́ ará ìlú ní Ìlú Ọba. Ṣùgbọ́n owó oníhò tiwa kì í ní àwòrán ọba, orúkọ nìkan ni, torí náà wọ́n rọ ọ́ lọ́pọ̀ yanturu, ó sì dé ọjà níhìn-ín. Àwọn tó ń kó owó jọ fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ kò wọ́n. Kọ́bọ̀ ayé òyìnbó ni.

Kékeré yẹn ló wù mí jù. Onínì ni, mẹ́wàá rẹ̀ ló ń jẹ́ kọ́bọ̀ kan. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe tọdún 1907, kò sì lè fara da ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa, ni wọ́n bá yí i padà sí bàbà tí wọ́n pò mọ́ níkẹ́lì. Ẹ wò ó bóyá NIGERIA wà lára rẹ̀ ṣáájú BRITISH WEST AFRICA. Ẹ tún wo nọ́ńbà Róòmù tó wà lẹ́yìn orúkọ Edward dáadáa: VII ni ti 1907, VIII ni ti 1936.

Ọlọ́pẹ yẹn, ṣílè kan tàbí ṣílè méjì ni. Tó bá jẹ́ 1913 sí 1919, fàdákà gidi ni. Lẹ́yìn ogun àgbáyé àkọ́kọ́, fàdákà wọ́n débi pé wọ́n yí i padà sí idẹ láti 1920. Tọdún yẹn ní fàdákà, ó tún ní idẹ. Fàdákà a máa dúdú nínú ilẹ̀, idẹ a máa hu àwọ̀ ewé. Ẹ má fi eérú kàn án rárá! Èèyàn kò lè dá ojú owó tó ti họ padà. Omi lásán àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó.

Ìyá Aládìrẹ: Kọ́bọ̀ oníhò yẹn la fi ń ra ẹ̀kọ nígbà tí mo wà ní kékeré, okùn la máa ń fi sín in. Ọmọ mi, ilé àtijọ́ ni ẹ ń wú o. Inú ilé ni wọ́n ń sin àgbà sí láyé ọjọ́sí. Ṣé ẹ ti sọ fún olórí ẹbí? Bí ẹ bá bá owó ẹyọ tàbí ìkòkò níbẹ̀, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ pè wọ́n.

Tíṣà Ìtàn: Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ ìyá. Òfin 1979 lórí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kò fàyè gba wíwú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láìgba àṣẹ, kò sì gbà kéèyàn gbé e kọjá ẹnubodè láìní ìwé. Kí ẹ̀gbọ́n má kó o sínú báàgì lọ sí London. Ẹ lọ bá àwọn ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba sọ̀rọ̀ kí ẹ tó tún gbé ẹ̀rọ jáde.

Oníbèérè: Ẹ ṣé gan-an ni. Mo fi omi ṣàn án, 1919 ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pẹ náà! NIGERIA wà lára onínì yẹn, VII sì ni. Bàbá wa tó jẹ́ olórí ẹbí ní ẹnì kankan kò gbọdọ̀ tà á, a sì ti dá ẹ̀rọ dúró. Báwo la ṣe máa tọ́jú wọn?

Akówójọ Ìbàdàn: Inú mi dùn! Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ dáadáa, kí ẹ wá fi bébà wé ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ẹ má lo ọ̀rá. Etí ni kí ẹ máa dì mú. Kí ẹ tó bo kòtò yẹn, ẹ fi téèpù wọ̀n bí ibẹ̀ ṣe jìnnà sí ògiri ilé àti bó ṣe jìn tó, kí ẹ kọ ọ́ sórí bébà náà.